Ìyá Múrí Ní Òun Ti Yó

Fàúsátù kì í jowú. Ẹ bi í, ohun tí yóò sọ fún yín nìyẹn, yóò sì fọwọ́ lu àyà. Ó ní bí owú bá wà lára òun ni, ìyàwó kejì tí Hàrúnà ọkọ òun fẹ́ sí Ìpájà kì bá tí sinmi títí dòní. Òótọ́ sì ni, kò bá ìyẹn jà rí. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún wa pé orogún nìkan là ń jowú sí? Owú tó mú Fàúsátù lọ́dún 1989 kò ní ọkùnrin nínú. Oyè kan ló dá a sílẹ̀, àti obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Sàúdátù.

Ilé ìlọta ni Fàúsátù ní, ní oríta kan ní Ẹgbẹ́dá. Ẹ̀rọ kan ló wà níbẹ̀ tó ń mu epo dísù, páànù wà lórí rẹ̀, bẹ́ńṣì gígùn kan sì wà níwájú fún àwọn tó ń dúró de ata. Ìyá Múrí ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí Múrítàlá àkọ́bí rẹ̀. Obìnrin tó bá ń dá iná ọbẹ̀ ní àyíká yẹn, kò sí bí kò ṣe ní jókòó lórí bẹ́ńṣì náà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń gbọ́ bí ayé ṣe ń lọ. Bí ẹ̀rọ bá ń ké, wọn a máa pariwo bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí ẹ̀rọ bá dákẹ́ lójijì, a bá ẹnì kan níbi tó ti ń pariwo ọ̀rọ̀ àṣírí.

Bí wọ́n bá wá ń jiyàn lórí nǹkan, Ìyá Múrí ni wọ́n ń bi. Obìnrin náà kì í fi ọ̀rọ̀ dídùn tan ènìyàn. Bí ata rẹ bá ti rà, yóò sọ ọ́ níṣojú gbogbo wọn. Bí ọmọ rẹ bá ń fẹ́wọ́, yóò sọ ọ́, yóò sì sọ ilé ibi tó ti fẹ́ ẹ. Wọ́n ní bí ọ̀rọ̀ ṣe wà níkùn Ìyá Múrí náà ló ṣe wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn o, nítorí òun gan-an ló padà ṣe é léṣe.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ẹ̀rọ kì í ké. Àṣàlátù ni Fàúsátù ń lọ, ní mọ́ṣáláṣí tí ẹbí àwọn onílẹ̀ kọ́. Àwọn obìnrin a péjọ síbẹ̀, wọn a ṣe àdúà, wọn a kọrin, Lèmọ́mù wọn, Àfáà Múdàṣírù, a sì ṣe wáàsí fún wọn. Ìyá Àdínì ni olórí wọn. Òun ní ń lé orin, òun ní ń parí ìjà obìnrin méjì, òun ní ń ṣíwájú lọ sílé ẹni tó bímọ àti ilé ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Bí obìnrin bá kú láàrin wọn, òun ní ń kó àwọn tí yóò wẹ òkú náà sẹ́yìn.

Alhaja Ṣìfáwù ló wà lórí oyè náà títí ara fi di ara àgbà. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, Fàúsátù ló di ẹsẹ̀ rẹ̀. Fàúsátù ló ń tẹ́ ẹní kí àwọn tó kù tó jí. Fàúsátù ló ń lọ sílé àbíyamọ, Fàúsátù ló ń lọ sílé ọ̀fọ̀. Òkú tí ẹ̀rù ń ba àwọn ọmọ olóògbé láti fọwọ́ kàn, Fàúsátù ló ń bu omi sí i lára tìfẹ́tìfẹ́. Nígbà tí Alhaja Ṣìfáwù náà filẹ̀ ṣaṣọ, ọwọ́ Fàúsátù ló wẹ̀ ẹ́. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé òun ló kàn, ṣùgbọ́n ṣé dandan ni kí wọ́n sọ ọ́? Ó fẹ́ oyè náà. Ó fẹ́ ẹ débi pé bó bá ń lọ ata, a máa gbọ́ ọ nínú ariwo ẹ̀rọ: Ìyá Àdínì, Ìyá Àdínì, Ìyá Àdínì.

Ìgbà yẹn gan-an ni Sàúdátù dé.

Ọmọ Ìlọrin ni. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ìjọba, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sí Gowon Estate ni. Píjó funfun ló gbé e wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó ti lọ sí Mẹ́kà, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì dàgbà tó Fàúsátù. Ó ga, ó pupa, ìborùn rẹ̀ sì balẹ̀ lórí èjìká rẹ̀ láìjẹ́ pé ó ń fọwọ́ tún un ṣe. Fàúsátù wà lẹ́nu ọ̀nà níbi tó máa ń jókòó sí, níbi tí ojú rẹ̀ ti ń tó bàtà àwọn èèyàn. Ó rẹ́rìn-ín sí àlejò náà láti ọ̀ọ́kán, ó sì juwọ́ sí i. Sàúdátù kọjú sí i gangan, kò rẹ́rìn-ín, kò juwọ́, ó yí ojú padà, ó lọ jókòó níwájú.

Nùsírátù onídìrí, ọ̀rẹ́ Fàúsátù tó ń dirun lábẹ́ páànù kan náà pẹ̀lú rẹ̀, ló wádìí ọ̀rọ̀ náà. Ó ní, "Ojú rẹ̀ ni kò ríran jìnnà o. Ó ń lo dígí nílé, ojú ń tì í láti wọ̀ ọ́ jáde ni."

"Hẹn-ẹn. Ojú tí ò ríran jìnnà ló fi rí iwájú pátápátá tó lọ jókòó sí, àbí?"

"Ìyá Múrí, o tún ti dé!"

Bí èèyàn ṣe rí nìyẹn. Bí àwa bá kọjá lára ẹni láìkí i, a ní ọkàn wa ló ti lọ, a ní ara wa ni kò yá. Bí ẹni tí a kò fẹ́ràn bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìgbéraga ni, bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nílé nìyẹn, kò sí ẹ̀rí mìíràn tí a tún ń wá. Fàúsátù fúnra rẹ̀ ti kọjá lára ìyá ọkọ rẹ̀ rí lójú ọ̀nà Ìkọ̀tún láìkí i, nítorí ehín ń ro ó. Ṣùgbọ́n ìyẹn yàtọ̀ o! Ehín ń ro ó ni.

Lọ́jọ́ náà, Fàúsátù lé orin bó ṣe máa ń lé e, pẹ̀lú ohùn tó ti há nítorí pípariwo lórí ẹ̀rọ. Sàúdátù gbè é láti iwájú. Kò pariwo, ó kàn gbè é ni, ohùn rẹ̀ sì jáde bí omi tútù, gbogbo orí ló yí sọ́dọ̀ rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní kí òun náà lé ọ̀kan. Kò pẹ́ tó fi di pé Fàúsátù ń tẹ́ ẹní, Sàúdátù ń lé orin.

Owú mú un. Kò sí orúkọ mìíràn tí a fẹ́ pè é. Ó mú un nínú ikùn bí ẹni jẹ ata láìjẹun. Bó bá rí ìborùn Sàúdátù, ó ń jowú ìborùn. Bí Sàúdátù bá ka kéwú tó sì dá dúró níbi tó yẹ kó dá dúró, ó ń jowú ìdádúró yẹn. Ní ilé ìsọmọlórúkọ kan, wọ́n gbé oúnjẹ wá, wọ́n ní, "Alhaja, ẹ jẹun o," Sàúdátù dúpẹ́, ó fọwọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Fàúsátù dijú. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, ó sọ fún Nùsírátù pé, "Ṣé o rí i? Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kan péré, ó ti bu òkèlè. Ṣé bí wọ́n ṣe ń tọ́mọ nìyẹn?"

Ó ní ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Ní Ìgàndò tí wọ́n ti tọ́ ọ, ọmọ tó gbẹ̀kọ́ kì í jẹ oúnjẹ ẹlòmíràn nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ fi lọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá ní, "Wá jẹun," ìwọ a ní, "Mo ti yó." Bí wọ́n bá tún ní kí o wá, ìwọ a tún ní o ti yó, ẹ ṣeun. Nígbà tí wọ́n bá rọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta ni wàá tó rìn lọ síbẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni pé wọ́n fipá mú ọ. Lọ́jọ́ tí Fàúsátù kékeré jẹ ẹ̀bà bàbá àgbà kan níbi ìpè àkọ́kọ́, ìyá rẹ̀ fa etí rẹ̀ títí dé ilé. Láti ìgbà náà, ó ti mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kẹta ni àlejò tó níyì ń jẹun. Kò sì sí ẹni tó sọ fún un pé oúnjẹ nìkan ni òfin yẹn wà fún.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ bi í nípa oyè náà, bẹ́ńṣì kún. Ìyá Sàkàrìyáù, ẹni tó dàgbà jù láàrin wọn ní àṣàlátù, ló gbé ata rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Ìyá Múrí, àga Alhaja Ṣìfáwù ṣófo o. Báwo lo ṣe rí Alhaja tuntun yìí sí?"

Inú Fàúsátù gbóná ju ẹ̀rọ lọ. Kí ni yóò sọ? Bó bá ní obìnrin náà kò dára, wọn a ní ó ń jowú, òun sì ni ẹni tí kì í jowú. Bó bá ní òun ni kí wọ́n fi jẹ, ta ní ń fẹnu ara rẹ̀ tọrọ oyè? Ó wá ṣe bí ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ.

"Háà, Alhaja Sàúdátù!" Ó rẹ́rìn-ín gbàǹgbà. "Wálàhì, Ọlọ́run ló fi í ta wá lọ́rẹ. Ẹ gbọ́ ohùn yẹn ná! Bí wọ́n bá fi í jẹ Ìyá Àdínì, mo fọwọ́ sí i tọwọ́tẹsẹ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí ẹ̀rọ, ó ń dúró. Ohun tó ń dúró dè ni kí Ìyá Sàkàrìyáù ní, "Rárá o, ìwọ mà ni!" Òun náà a ní, "Ẹ fi mí sílẹ̀, èmi kẹ̀?" Wọn a tún rọ̀ ọ́. A wá gbà.

Ìyá Sàkàrìyáù wò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Hẹn. Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó gbé ata rẹ̀, ó lọ.

Ẹlòmíràn ì bá ti gbọ́n. Fàúsátù rò pé ìyìn náà ni kò tíì tó. Nígbà tí ẹlòmíràn bi í, ó fi kún un. Ó ní kéwú Sàúdátù kò lẹ́gbẹ́ láti Ẹgbẹ́dá títí dé Abúlé Ẹ̀gbá. Nígbà tí ẹnì kẹta bi í, ó ní àwọn tó dúró sí ojú kan bíi tòun ti ṣe tiwọn, ẹ jẹ́ ká gbé e fún ẹni tí ojú rẹ̀ là. Bó ṣe ń yìn ín, bẹ́ẹ̀ ni àwọn obìnrin náà ń gbé ata wọn lọ láìrọ̀ ọ́. Ojoojúmọ́ ló ń sọ pé òun ti yó, kò sì sí ẹni tó sọ pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ fẹnu kàn án.

Ó délé, ó ń kanra mọ́ ìkòkò. Hàrúnà bi í pé kí ló dé.

"Àwọn obìnrin Ẹgbẹ́dá ni. Aláìmoore ni gbogbo wọn. Ẹni tó dé lánàá ni wọ́n fẹ́ fi jẹ Ìyá Àdínì."

"Ṣé wọ́n mọ̀ pé ìwọ náà fẹ́ ẹ?"

"Ṣé ohun tí èèyàn ń sọ ni? Wọn ò lójú ni?"

Hàrúnà ní, "Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́ o."

"Ta ló dákẹ́? Gbogbo ọjọ́ ni mò ń sọ̀rọ̀!" Ó dá ọkùnrin náà lóhùn, ó sì gbé ọbẹ̀ kalẹ̀ fún un gbì. Òótọ́ ló sọ o. Sísọ̀rọ̀ ló sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Àìkú tí wọ́n máa yan Ìyá Àdínì pé. Sàúdátù kò sí níbẹ̀, ó lọ wo ìyá rẹ̀ ní Ìlọrin. Inú Fàúsátù dùn sí ìyẹn, ó ní ojú tí kò sí nílé ni wọ́n ń gbàgbé. Ó ti fi ìborùn rẹ̀ tó dára jù borùn, ó sì jókòó sí ẹnu ọ̀nà níbi tó máa ń jókòó sí.

Àfáà Múdàṣírù ṣe àdúà, ó ní, "Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká ṣi yàn. Ó wù mí kí ẹ̀yin tí ẹ óò máa tẹ̀ lé e fẹnu ara yín sọ ọ́. A ó bẹ̀rẹ̀ láti iwájú. Ìyá Sàkàrìyáù, ta ló wù yín?"

Ìyá Sàkàrìyáù yíjú padà, ó wo ẹ̀yìn títí ojú rẹ̀ fi bá ti Fàúsátù. Kí wọ́n má baà rò pé ó ń wojú wọn, Fàúsátù fẹ eyín, ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò ní nǹkan kan lọ́kàn.

Ìyá Sàkàrìyáù mí kanlẹ̀. "Alhaja Sàúdátù," ló wí.

Ẹni tó tẹ̀ lé e wo Ìyá Sàkàrìyáù, ó wo ilẹ̀, ó ní Alhaja Sàúdátù. Ẹni tó tẹ̀ lé ìyẹn kò tilẹ̀ wo ẹnikẹ́ni mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ náà ń bọ̀ láti ẹní dé ẹní, kò sì sí obìnrin kan tó fẹ́ jẹ́ ẹni tí yóò kọ́kọ́ ya kúrò lójú ọ̀nà tí gbogbo èèyàn ń tọ̀. Bó ṣe ń sún mọ́ ẹnu ọ̀nà ni ohùn wọn ń lọ sílẹ̀. Fàúsátù ń gbọ́ ọ, ẹ̀rín sì wà lójú rẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá tí wọ́n gbàgbé. Ó ń wí nínú ara rẹ̀ pé, ẹnì kan ṣoṣo. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá pe orúkọ mi, gbogbo rẹ̀ a yí padà.

Ó kan Nùsírátù. Nùsírátù la ẹnu. Ó wojú Fàúsátù, ó rí ẹ̀rín náà, ó pa ẹnu dé. Nígbà tó tún un là, "Alhaja Sàúdátù" ló jáde níbẹ̀.

"Ìyá Múrí ńkọ́?" Àfáà sọ ọ́ pẹ̀lẹ́. "Ẹ̀yin ló kù. Ọ̀rọ̀ yín ni mo fẹ́ gbọ́ jù."

Gbogbo orí yí sí ẹnu ọ̀nà. Bó bá jẹ́ pé ó sọ ọ́ nígbà yẹn, kí ni ì bá ṣẹlẹ̀? Ì bá tẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, ó sì lè jẹ Ìyá Àdínì fún ìyókù ọjọ́ ayé rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo àwọn tó wà níwájú rẹ̀ ti sọ ohun kan náà. Ahọ́n rẹ̀ tẹ̀ lé tiwọn kí ọkàn rẹ̀ tó dá sí i.

"Alhaja Sàúdátù ni," ó wí. "Kò tún sí ẹlòmíràn."

Àfáà Múdàṣírù fi ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà rẹ̀ ṣeré díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. "Àlùhámúdùlílàhì," ló sọ níkẹyìn. Àwọn obìnrin náà sọ ọ́ tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ohùn wọn kò ta. Fàúsátù gbọ́ pé kò ta, ó rò pé àánú òun ló ń ṣe wọ́n, ìyẹn sì tún dùn ún ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ó ki irin bọ ẹ̀rọ, ó yí i, ẹ̀rọ kọ̀, ó tún yí i, ó sì fi ẹsẹ̀ ta á. Nùsírátù fi orí tó ń dì sílẹ̀, ó sì sọ fún oníbàárà rẹ̀ pé òun ń bọ̀.

"Fàúsátù, kí lo ń bínú ẹ̀rọ sí?"

"Má pe orúkọ mi. Ọ̀rẹ́ mi ni ọ́, àbí mo tan ara mi? Ìwọ náà pe Sàúdátù."

Nùsírátù la ojú sílẹ̀. "Èmi? Ta ló sọ fún mi pé òun fọwọ́ sí i tọwọ́tẹsẹ̀? Ta ló ní kò lẹ́gbẹ́ títí dé Abúlé Ẹ̀gbá? Orúkọ rẹ ló wà lẹ́nu mi lánàá, Ọlọ́run ń gbọ́. Mo wojú rẹ, o ń rẹ́rìn-ín. Mo ní kí n má lọ fi ohun tí o kò fẹ́ dójú tì ọ́."

"Ìwọ nìkan nìyẹn."

"Èmi nìkan bíi ti báwo? Ìwọ ni Ìyá Sàkàrìyáù fẹ́ pè. Ó sọ ọ́ fún mi bí a ṣe ń jáde. Ó ní òun bi ọ́ lẹ́yìn ẹ̀rọ yìí kó lè mọ̀ bóyá o máa gbà, o sì ní Sàúdátù ni. Àfáà pàápàá, ìwọ ló ní lọ́kàn. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó fẹ́ Sàúdátù, Fàúsátù. Olúkúlùkù rò pé òun nìkan ni kò fẹ́ ẹ." Ó sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀. "Ìwọ kì í purọ́ ni. Ẹ̀kan ṣoṣo tí o wá purọ́, gbogbo wa gbà á gbọ́."

Fàúsátù jókòó lórí bẹ́ńṣì àwọn oníbàárà, níbi tí kì í jókòó sí. Ó rántí ọkọ̀ọ̀kan wọn, bí wọ́n ṣe ń wò ó kí wọ́n tó gbé ata wọn. Gbogbo àkókò yẹn, ó rò pé wọn kò rọ òun. Wíwò yẹn gan-an ni wọ́n fi ń rọ̀ ọ́.

Ẹyin ni ohùn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n owú kì í jẹ́ kí èèyàn rí ẹjọ́ ara rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Kó tó di ọjọ́ mélòó kan, ó ti rí ẹni tí yóò dá a lẹ́bi. Bí Sàúdátù kò bá kó wá sí Gowon Estate, ta ni òun ì bá máa yìn?

Ọ̀sán kan tí oòrùn mú, tí bẹ́ńṣì ṣófo, Sàúdátù wá. Kò sí Píjó. Ẹsẹ̀ ló fi rìn, ẹrẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ bàtà rẹ̀, dígí tó nípọn sì wà lójú rẹ̀. Fàúsátù kò rí dígí náà rí. Ojú tó ga yẹn wá kéré lẹ́yìn rẹ̀, ó dà bí ojú ọmọ tó ṣìnà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n mi." Ó kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ tí omi ata ti rin. Ó kúnlẹ̀ o, Alhaja!

"Ẹ dìde, ẹ dìde, Alhaja. Aṣọ yín!"

"Ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi. Wọ́n ní wọ́n fi mí jẹ Ìyá Àdínì. Mo ní kí ló dé tó fi jẹ́ èmi, wọ́n ní ọ̀rọ̀ yín ni gbogbo wọn tẹ̀ lé. Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò mọ ilé ẹnikẹ́ni níbí. Mi ò wẹ òkú rí láyé mi. Ẹ̀yin ni mò ń wò pé ẹ ń ṣe gbogbo ẹ̀. Mo ti rò pé ẹ̀yin ni." Ó yọ dígí rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. "Ẹ sọ fún mi, nítorí Ọlọ́run. Ṣé ẹ̀yin ò fẹ́ ẹ ni? Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹ, mà á lọ bá Àfáà lónìí, mà á ní mi ò lè ṣe é. Kò sí ẹni tó máa mọ̀ pé a sọ ọ́."

Ọkàn Fàúsátù fò sókè. Oúnjẹ náà rèé, gbígbóná, lórí tábìlì, wọ́n sì ṣí ọmọrí rẹ̀ fún un. Kò sí ojú kan níbẹ̀ tí ì bá tì í. Nùsírátù ti lọ ra oúnjẹ. Ohun tí ó kàn ni kó sọ "mo fẹ́ ẹ".

"Háà, rárá o!" ló jáde lẹ́nu rẹ̀. "Èmi kẹ̀? Kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Ẹ̀yin ló tọ́ sí."

Sàúdátù wò ó dáadáa. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má tijú mi. Ṣé òótọ́ inú yín nìyẹn?"

Ó ti di ẹ̀ẹ̀kejì. Fàúsátù mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kejì ni, ara rẹ̀ ti ń yá gágá. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu iwájú orí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ń palẹ̀ ahọ́n rẹ̀ mọ́ fún ìdáhùn tó ń bọ̀. "Ṣebí mo ti sọ ọ́ fún gbogbo ayé? Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre, Alhaja. Ẹ lọ jẹ oyè yín."

Ó tẹrí ba, ó ń dúró de ẹ̀ẹ̀kẹta.

Sàúdátù mí kanlẹ̀, ojú rẹ̀ sì rọ̀. "Ọkàn mi ti wá balẹ̀," ó wí. "Ìyá mi máa ń sọ pé kí n máa gba ọ̀rọ̀ àgbà gbọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Nígbà tẹ́ ẹ bá wà lẹ́yìn mi, tẹ́ ẹ sì máa bá mi ṣe ti òkú wíwẹ̀ yẹn, mo gbà á." Ó di ọwọ́ Fàúsátù méjèèjì mú pẹ̀lú gbogbo ata tó wà lára wọn. "Ẹ bá mi ṣe é o. Ẹ ṣèlérí."

"Mo ṣèlérí," ni Fàúsátù wí. Kí ló tún fẹ́ wí?

Sàúdátù lọ. Fàúsátù bọ́ sí ẹnu ilé ìlọta, ó ń wò ó bó ṣe ń yẹra fún kòtò omi. Ní ìyànà, Sàúdátù dúró, ó yíjú padà. Ẹsẹ̀ Fàúsátù ti gbé ìṣísẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n Sàúdátù kò bi í ní nǹkan kan. Ó rí i láti ọ̀ọ́kán níbi tó dúró sí, ó rẹ́rìn-ín sí i gbàǹgbà, ó juwọ́ sí i, ó sì yà lọ. Fàúsátù náà juwọ́ padà sí ẹni tí kò sí níbẹ̀ mọ́.

Nùsírátù dé pẹ̀lú ẹ̀wà àgọ̀nyìn àti búrẹ́dì. "Ta ni mo rí lọ́nà yẹn? Ṣé Alhaja ni? Kí ló wá ṣe?"

"Ó wá kí mi."

Nùsírátù kò bi í síwájú. Ó jókòó lórí bẹ́ńṣì, ó tú ọ̀rá, ó bu búrẹ́dì. Ó ti lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti jọ ń bára wọn bọ̀, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ sídìí oúnjẹ, iye ìgbà tó ń gbà àti ohun tí yóò wí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kò tilẹ̀ gbójú sókè nígbà tó sọ èyí àkọ́kọ́.

"Wá jẹun."

Fàúsátù ti bomi sọ́wọ́. Ó wá jókòó tì í, ó na ọwọ́ sí búrẹ́dì, ó sì ń jẹ, omijé ń ṣàn lójú rẹ̀. Nùsírátù wò ó, ó sún abọ́ ẹ̀wà sọ́dọ̀ rẹ̀.